Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n sì gba ilẹ̀: ọ̀rọ̀ òpópónà Dudley ní Boston

Ọ̀rọ̀ kápẹ́ẹ̀tì ló fà á. Ní ọdún 1984, ẹgbẹ́ kan tó ń ran àwọn tó ń sọ èdè Sípáníìṣì lọ́wọ́ ní Roxbury, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé béèrè owó lọ́wọ́ àjọ Riley Foundation. La Alianza Hispana ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ náà, Nelson Merced sì ni olùdarí rẹ̀. Owó tí wọ́n ń béèrè kò tó nǹkan. Wọ́n fẹ́ tún ọ́fíìsì wọn ní òpópónà Dudley ṣe, kí wọ́n sì pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì tó ti gbó. Àwọn tó ń bójú tó owó Riley ní àwọn á kọ́kọ́ wá fojú ara àwọn wo ibẹ̀.

Wọ́n wá, wọ́n sì rí kápẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n rí níta ni wọn ò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Láti òpópónà Dudley dé àárín ìlú Boston, níbi tí ilé gàgàrà àwọn báǹkì wà, kò tó máìlì méjì. Síbẹ̀, plọ́ọ̀tì tó ṣófo ládùúgbò náà tó 1,300. Ilé méjì á dúró, mẹ́ta á ti wó tàbí kí wọ́n ti jóná, ọ̀kan á tún dúró, bí ẹnu àgbàlagbà tí eyín rẹ̀ ti ń ká. Igbó hù lórí ilẹ̀ tó ṣófo. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ọkọ̀ akẹ́rù á wá láti àdúgbò mìíràn, á da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ: táyà, fíríìjì tó ti kú, àfọ́kù bíríkì láti ibi tí wọ́n ti ń wólé, ẹran tó ti jẹrà. Ẹni tó jí mọ́tò gbé á tú u tán níbẹ̀, á fi egungun rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò pàǹtírí kan tiẹ̀ sọ ibẹ̀ di ibùdó wọn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nígbà ooru, àwọn ará àdúgbò kì í lè ṣí fèrèsé.

Kò rí bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Títí di nǹkan bí ọdún 1950, àwọn òyìnbó tí bàbá wọn wá láti Ireland àti Ítálì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ń wọlé, àwọn ará Puerto Rico àti Dominican Republic ń wọlé, àwọn ará Cape Verde náà ń wọlé. Bí wọ́n ṣe ń wọlé ni òyìnbó ń kó jáde, tí báǹkì sì ń kó owó rẹ̀ tẹ̀ lé òyìnbó. Ọ̀rọ̀ báǹkì yìí ní ìtàn tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Home Owners' Loan Corporation ya máàpù àwọn ìlú ńlá Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi àwọ̀ pupa kun àdúgbò tí wọ́n kà sí eléwu fún ẹni tó fẹ́ yáni lówó kọ́lé. Ibi tí aláwọ̀ dúdú bá ti ń gbé, kò sí àwọ̀ mìíràn tí wọ́n máa ń fi kùn ún ju pupa lọ. Apá tó pọ̀ ní Roxbury bọ́ sínú pupa yẹn.

Ohun tí àwọ̀ pupa túmọ̀ sí lójú ayé kò ṣòro láti mọ̀. Ẹni tó nílé kò rówó yá tún un ṣe. Ẹni tó fẹ́ ra ilé kò rówó yá rà á. Ilé tí kò ṣeé tún ṣe, tí kò sì ṣeé tà, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù tí onílé tó ń gbé níbòmíràn lè fi rí owó lórí rẹ̀: kó jóná. Owó adójútòfò tó máa bọ́ sí i lọ́wọ́ pọ̀ ju iye tí ilé náà lè pa lọ́jà lọ. Ní àwọn ọdún 1970, iná ń jó lemọ́lemọ́ ní Dudley, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ lèèyàn lè pè ní àmúwá Ọlọ́run.

Ìdí tí mo fi ń ro ẹjọ́ yìí látìpilẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá rí àdúgbò tó dọ̀tí máa ń sọ pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ya ọ̀bùn. Àwọn ará Dudley kọ́ ló da ìdọ̀tí náà. Wọ́n wá dà á lé wọn lórí ni.

Nígbà tí àwọn Riley Foundation padà sílé, wọ́n pe àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tó ń ṣiṣẹ́ ní Dudley jọ. Wọ́n ṣèpàdé fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì gbé ètò kalẹ̀: wọ́n á dá ẹgbẹ́ tuntun kan sílẹ̀ tí á máa tún àdúgbò náà ṣe, wọ́n sì ti pín àga ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ètò náà dára lórí ìwé. Ní oṣù Èrèlé ọdún 1985, wọ́n pe àwọn ará àdúgbò sí ìpàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì St. Patrick kí wọ́n lè ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn. Nǹkan bí igba èèyàn ló wá.

Àwọn tó wà lórí tábìlì níwájú ṣàlàyé tán. Ni Ché Madyun bá dìde. Ará àdúgbò ni, ó ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Ó béèrè pé nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síwájú yẹn, ẹ̀yin mélòó lẹ̀ ń gbé àdúgbò yìí?

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Nínú àga tí wọ́n ti pín, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé Dudley. Àwọn tó kù jẹ́ ti àwọn ẹgbẹ́ aláàánú, àwọn oníṣòwò, àti àwọn tó máa ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárọ̀, tí wọ́n á sì padà sílé wọn nírọ̀lẹ́. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Gbogbo ilé gbá yẹ̀ẹ́, àwọn mìíràn dìde, ọ̀rọ̀ wá di iṣu ata yán-anyàn-an. Àwọn èèyàn rántí pé ìjọba ìlú ti ṣe irú ètò báyìí rí fún àdúgbò mìíràn, pé nígbà tí ètò yẹn fi máa parí, àwọn tí wọ́n ṣe é fún kò sí níbẹ̀ mọ́.

Èmi ti rí àjọ tó gbé owó wá sí ìlú kékeré kan, tí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè tí kò gbóná tó èyí, tí wọ́n sì fi ìbínú kó owó wọn padà. Ohun tí Riley Foundation ṣe nìyí: wọ́n ní kí àwọn ará àdúgbò tún ètò náà tò. Wọn ò kó owó lọ, wọn ò sì fi owó halẹ̀. Mo rò pé èyí ṣọ̀wọ́n ju gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà lọ, a kì í sì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ tó.

Ẹgbẹ́ tó ti ibẹ̀ jáde ni Dudley Street Neighborhood Initiative, DSNI. Àwọn ará àdúgbò ló pọ̀ jù nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀, ìbò ni wọ́n sì ń di láti yàn wọ́n. Bí wọ́n ṣe pín àga wọn ló yà mí lẹ́nu. Ẹ̀yà mẹ́rin ló wà ládùúgbò náà: aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì, àwọn ará Cape Verde, àti òyìnbó. Iye àga kan náà ni wọ́n fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, bó ti wù kí iye wọn rí. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù, òyìnbó ló kéré jù. Ẹlòmíràn lè sọ pé ìrẹ́jẹ nìyẹn, pé ẹni tó pọ̀ ló yẹ kó gba púpọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní iye orí ni wọ́n tẹ̀ lé, ẹ̀yà kan ni ìbá máa pàṣẹ, àwọn tó kù ìbá sì jókòó sílé wọn. Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń ṣèjọba ti ń fi owó táṣẹ́rẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín aláwọ̀ dúdú àti àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì. Àwọn ará Dudley kò fẹ́ bá wọn ta ayò yẹn mọ́.

Àwọn ará Cape Verde náà yẹ ní títẹ̀ lé díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ pé wọ́n pọ̀ ní Massachusetts. Erékùṣù wọn wà lójú òkun ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, iwájú Senegal. Ọkọ̀ ojú omi tó ń pa ẹja àbùùbùtán ló kọ́kọ́ gbé àwọn bàbá ńlá wọn dé Massachusetts. Wọ́n ń sọ Kriolu, tí í ṣe Potogí tó ti para pọ̀ mọ́ èdè Áfíríkà, oúnjẹ tí wọ́n sì fẹ́ràn jù ni cachupa, àgbàdo àti ẹ̀wà tí wọ́n sè pọ̀. Àdàlú ni ẹ̀yin ìbá pè é tí wọ́n bá gbé e síwájú yín. Torí tiwọn àti ti àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì, èdè mẹ́ta ni wọ́n fi ń ṣèpàdé DSNI. Ìpàdé náà á sì gùn. Ẹni tó bá ti ṣèpàdé ìdílé níbi tí wọ́n ti ń túmọ̀ èdè mọ bó ṣe ń rí.

Peter Medoff ni olùdarí àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà síṣẹ́. Àwọn tó ń fún wọn lówó ń retí ètò ńlá, pẹ̀lú máàpù àti àwòrán ilé. Ó kọ́kọ́ gba ojúlé dé ojúlé lọ, ó ń bi wọ́n pé kí ló ń dà yín láàmú? Kò sẹ́ni tó dárúkọ ètò ilé. Ìdọ̀tí ni wọ́n sọ.

Nítorí náà, ilẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbá. Ní 1986 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo tí wọ́n pè ní "Don't Dump On Us": ẹ yé dàdọ̀tí lé wa lórí. Wọ́n pe àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú sí ìpàdé, wọ́n fi plọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan hàn wọ́n, wọ́n sì ń bèèrè ọjọ́ tí wọ́n máa kó o. Wọ́n wọ́ lọ síwájú àwọn ibùdó pàǹtírí tí kò gbàṣẹ. Raymond Flynn tó jẹ́ mẹ́yọ̀ Boston nígbà náà gbọ́, ìjọba ìlú sì rán ọkọ̀ wá. Wọ́n kó àwọn mọ́tò tó ti kú kúrò, wọ́n ro igbó, wọ́n ti àwọn ibùdó pàǹtírí pa. Lójú ẹni tó ń wo àwòrán ilé gàgàrà, iṣẹ́ kékeré lèyí. Ṣùgbọ́n ẹ ronú pé ẹ̀yin ni wọ́n ti ń da ẹran jíjẹrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yín fún ọdún mẹ́wàá, tí ẹ sì jí lọ́jọ́ kan tẹ́ ẹ rí i pé ohun tẹ́ ẹ sọ ló ṣẹ. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e á kún.

Ọdún 1986 yẹn náà ni ẹgbẹ́ mìíràn ní Roxbury gbé ọ̀rọ̀ kan dìde tó ga ju gbígbálẹ̀ lọ: wọ́n ní kí Roxbury àti àwọn àdúgbò aláwọ̀ dúdú tó yí i ká ya kúrò lára Boston, kí wọ́n di ìlú tiwọn, kí orúkọ rẹ̀ sì máa jẹ́ Mandela. Wọ́n dìbò lórí rẹ̀ ní oṣù Bélú. Àwọn tó ní rárá fi ọ̀nà tó jìn borí. Kì í ṣe iṣẹ́ DSNI, ṣùgbọ́n ó ń sọ bí ọkàn àwọn èèyàn ṣe rí nígbà náà. Àwọn kan fẹ́ gba gbogbo ìlú, àwọn ti Dudley ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí àwọn gba plọ́ọ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé àwọn.

Ní 1987 wọ́n parí ètò àdúgbò tiwọn, ìjọba ìlú sì gbà á wọlé. Níbí ni wọ́n ti rí i pé ètò kò lè kọ́lé. Ẹ wo ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ kọ́, tí wọ́n ń pè ní Dudley Triangle, torí ó rí bí igun mẹ́ta. Gbogbo rẹ̀ lé díẹ̀ ní éékà 60. Nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló ṣófo. Nínú ìdajì tó ṣófo yìí, apá kan jẹ́ ti ìjọba ìlú, torí onílẹ̀ jẹ owó orí títí ìjọba fi gba ilẹ̀ náà, apá kejì sì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onílẹ̀. Kò sí èyí tó dá dúró lọ́tọ̀. Plọ́ọ̀tì ìjọba kan, plọ́ọ̀tì aládàáni kan, plọ́ọ̀tì ìjọba mìíràn, gbogbo wọn rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ òfì tí wọn ò tíì rán pọ̀. Onílẹ̀ kan ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti fọ́n ká. Òmíràn jẹ owó orí tó ju iye ilẹ̀ náà lọ. Òmíràn wà ní ìlú mìíràn, ó mọ̀ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí fẹ́ tún ibẹ̀ ṣe, ó sì di ilẹ̀ tirẹ̀ mú títí tí owó rẹ̀ á fi gùn. Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ ilé mẹ́wàá sórí ilà kan, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn lè dá yín dúró.

Ohun kan ṣoṣo ló lè tú ìdè yẹn: àṣẹ tí ìjọba fi ń gba ilẹ̀ ní dandan, tí wọ́n á sì san iye tó tọ́ fún onílẹ̀. Àṣẹ yẹn gan-an ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba àwọn ará Dudley jù láyé.

Kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Àṣẹ yẹn ni Boston fi pa West End rẹ́ láti 1958. Àdúgbò àwọn ará Ítálì, àwọn Júù àti àwọn tálákà mìíràn ni, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìdílé ló kó jáde, katakátá wó ilé wọn, wọ́n sì kọ́ ilé àwọn olówó sí i. Àṣẹ yẹn náà ni wọ́n fi wó ilé ní Roxbury fúnra rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960 nítorí títì márosẹ̀ Interstate 95. Títì náà kò wá. Gómìnà Francis Sargent dá iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 1970, àmọ́ ilé ti wó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nípàdé DSNI ti sá fún katakátá lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dé Dudley. Lẹ́yìn náà ni agbẹjọ́rò kan wá ń sọ fún wọn pé ẹ lọ gba katakátá yẹn sọ́wọ́ ara yín.

Ọ̀nà tí wọ́n rí gbà wà nínú òfin Massachusetts tí wọ́n ń pè ní Chapter 121A. Òfin yìí fàyè gba ìjọba láti fún ilé iṣẹ́ aládàáni tó fẹ́ tún ibi tó bàjẹ́ kọ́ ní àṣẹ ìgbalẹ̀ àti ẹ̀dínwó owó orí. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Òun ni wọ́n fi kọ́ Prudential Center, ilé gàgàrà ilé iṣẹ́ adójútòfò tó yọrí lókè Boston. Àwọn agbẹjọ́rò tó ń ran DSNI lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ kà á dáadáa, wọ́n sì rí i pé kò síbi tí òfin náà ti sọ pé àwọn tálákà tó kó ara wọn jọ kò lè béèrè. Kò sẹ́ni tó béèrè rí ni.

Wọ́n bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ohun tó mú àwọn tó ń kọ̀ ọ́ rọ̀ ni ààlà tí wọ́n fà: ilẹ̀ òfìfo nìkan, nínú Triangle nìkan. Kò ní sẹ́ni tí wọ́n máa lé kúrò nínú ilé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kejì sílẹ̀ lábẹ́ DSNI, Dudley Neighbors Incorporated, kí àṣẹ náà lè wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìpolongo "Take a Stand, Own the Land". Gus Newport, tó ti ṣe mẹ́yọ̀ Berkeley ní California rí, ti gba iṣẹ́ olùdarí nígbà náà. Aláwọ̀ dúdú ni, ó mọ bí ìjọba ìlú ṣe ń ronú torí pé òun náà ti jókòó sórí àga yẹn. Mẹ́yọ̀ Flynn fọwọ́ sí i. Stephen Coyle, olórí Boston Redevelopment Authority, fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 10, oṣù Bélú, ọdún 1988, ìgbìmọ̀ àjọ yẹn dìbò, wọ́n sì fún wọn láṣẹ. Kò tíì sí ẹgbẹ́ ará àdúgbò kankan ní Amẹ́ríkà tó gba irú rẹ̀ rí.

Mo máa ń fojú inú wo ọ̀ràn yìí báyìí: àjọ kan náà tó wó West End ló gbé kọ́kọ́rọ́ lé àwọn ará Dudley lọ́wọ́.

Àṣẹ kì í ra ilẹ̀. Ẹni tẹ́ ẹ bá gba ilẹ̀ rẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ sanwó fún un. Ford Foundation yá wọn ní dọ́là mílíọ̀nù 2 ní èlé kékeré, ìjọba ìlú sì ń fi plọ́ọ̀tì tirẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ìwé owó yíyá náà fi ọdún mélòó kan jáfara láàárín ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àti ìjọba àpapọ̀. Nígbà tó fi máa parí, ọrọ̀ ajé Massachusetts ti wó, kọngílá tó fẹ́ kọ́ ilé àkọ́kọ́ sì ti yọwọ́. DSNI ní láti di kọngílá fúnra rẹ̀, iṣẹ́ tí wọn ò pinnu rẹ̀ rí. Èyí ló mú kí ìrètí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ sílẹ̀. Ìpàdé kò kún mọ́ bí ti 1986. Nígbà tí ìpìlẹ̀ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti inú ilẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni àwọn èèyàn tún padà wá, tí wọ́n ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà wò ó.

Ibi tó wù mí láti dúró sí jù ni bí wọ́n ṣe ta ilé náà, torí ibẹ̀ ni ọgbọ́n wọn wà. Ilé ni wọ́n tà, wọn ò ta ilẹ̀. Dudley Neighbors ló ni ilẹ̀ títí láé, ẹni tó ra ilé sì gba ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ fún ọdún 99. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba C of O ní Nàìjíríà mọ iye ọdún yìí, ṣùgbọ́n níbẹ̀ yẹn, kì í ṣe gómìnà ló di ilẹ̀ mú, àwọn aládùúgbò yín ni, ẹ sì lè fi ìbò yọ wọ́n. Olùrà gbọ́dọ̀ máa gbé inú ilé náà fúnra rẹ̀, kò lè rà á kó fi háyà. Ọmọ rẹ̀ lè jogún rẹ̀. Tó bá fẹ́ tà á, ẹgbẹ́ ló kọ́kọ́ máa fi lọ̀, iye tó lè tà á sì ní òdiwọ̀n.

Ká ní ìyá kan ra ilé tirẹ̀ ní dọ́là 100,000. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ilé tó dà bíi rẹ̀ ní títì kejì ń lọ ní 500,000, torí àwọn olówó ti ń wá gbé àdúgbò náà. Ìyá yìí kò ní gba 500,000. Ó máa gba owó tó san padà, iye tó fi tún un ṣe, àti èrè díẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀ á sì tún jẹ́ òṣìṣẹ́ bíi tirẹ̀, ẹni tí apá rẹ̀ kò lè ká 500,000 láéláé. Èèyàn lè bínú sí èyí, àwọn kan sì bínú. Wọ́n ní àwọn òyìnbó ti fi ilé là, àwọn ọmọ wọn jogún rẹ̀, ó wá kàn wá, ẹ ní ká gba díẹ̀. Mi ò lè sọ pé ọ̀rọ̀ wọn kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìyá yẹn wà nílé tirẹ̀ fún ogún ọdún tí kò sẹ́ni tó fi owó háyà lé e jáde, àti pé ní 2008, nígbà tí àwọn báǹkì ń gba ilé lọ́wọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri Roxbury àti Dorchester, ó ṣọ̀wọ́n kí irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ Dudley Neighbors. Ẹgbẹ́ náà kì í jẹ́ kí onílé tọrùn bọ àdéhùn owó yíyá tí kò dáa, tí ẹnì kan bá sì ti ń kọsẹ̀, wọ́n tètè máa ń gbọ́.

Ilé tó wà lórí ilẹ̀ yẹn tó 225 báyìí. Àwọn kan jẹ́ ti onílé, àwọn kan ti àjùmọ̀ní, àwọn kan jẹ́ ti háyà. Pápá ìṣeré wà, oko wà, gbàgede kan wà tí àwọn ará àdúgbò ti ń ṣe ọdún. Ní 2012, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan tó ń jẹ́ orúkọ òpópónà náà ṣílẹ̀kùn. DSNI gba àwọn ọ̀dọ́ sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ nínú wọn, John Barros, ọmọ àwọn ará Cape Verde, jẹ́ ọmọ ọdún 17 nígbà tí wọ́n yàn án. Ó padà wá ṣe olùdarí DSNI, ó díje fún ipò mẹ́yọ̀ ní 2013, kò wọlé, ẹni tó wọlé sì fi ṣe olórí ètò ọrọ̀ ajé ìlú. Nelson Merced ti kápẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ní 1988, ọdún tí wọ́n gba àṣẹ ìgbalẹ̀, wọ́n dìbò yàn án sí ilé aṣòfin Massachusetts, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn tó ń sọ Sípáníìṣì tó dé ibẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Dudley ti di ọ̀run. Ilé 225 kò tó nǹkan nínú ìlú tí ilé wọ́n bíi Boston. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó tẹ̀ lé ìyá wọn lọ sípàdé ní 1986 kò lè gba yàrá ní Roxbury mọ́. Ọgbọ́n tó dáàbò bo ilẹ̀ inú Triangle kò dé ilẹ̀ tó wà lódìkejì títì, ibẹ̀ sì ni iye ilé ti ń gùn bí ẹni ń gun ọ̀pẹ. Gbogbo èèyàn ló ń gbóríyìn fún wọn nítorí àṣẹ ìgbalẹ̀, àmọ́ láti 1988 títí di òní, agbára káká lèèyàn fi lè rí ìjọba ìlú mìíràn tó fún àwọn ará àdúgbò nírú rẹ̀. Mo gbà pé kì í ṣe torí pé kò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ jù ni.

Orúkọ náà tiẹ̀ ti ń yí padà. Thomas Dudley tí wọ́n fi sọ òpópónà náà jẹ́ gómìnà Massachusetts ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, nígbà tí òfin ibẹ̀ fọwọ́ sí òwò ẹrú. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2019, lẹ́yìn tí àwọn ará Roxbury ti jà fún un, wọ́n yí orúkọ gbàgede Dudley Square padà sí Nubian Square. Nígbà tí wọ́n dìbò lórí rẹ̀ jákèjádò Boston ní oṣù tó ṣáájú, Boston lápapọ̀ ní rárá, àmọ́ àwọn tó ń gbé àyíká ibẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba sì tẹ̀ lé àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Òpópónà náà ṣì ń jẹ́ Dudley.

Bẹ́ ẹ bá rin òpópónà yẹn, ẹ máa kan ilé ọ̀gbìn onígíláàsì kan tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 10,000. Ilẹ̀ Dudley Neighbors ló wà. Ilé àwọn mẹkáníìkì ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òjé àti epo ti wọ inú ilẹ̀ àdúgbò náà láti àwọn ọdún tí ilé ń jó, tí wọ́n ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, kò sì ṣeé gbin nǹkan jíjẹ sí tààrà. Wọ́n kó iyẹ̀pẹ̀ mìíràn wá, wọ́n kó o sínú àpótí gígùn, wọ́n sì gbin tòmátò sí i. Nígbà tí yìnyín bá bo Boston mọ́lẹ̀ títí dé orúnkún, ewé tútù ṣì ń hù nínú ilé gíláàsì yẹn.